Oògùn Inú Ọbẹ̀ Dáàlì

Ọjọ́ tí ìtọ̀ àbúrò mi padà mọ́, a ra ìkòkò rosogolla kan, wàrà dídì inú omi ṣúgà, a sì pín in kiri àdúgbò. Oṣù mẹ́fà gbáko ni ìtọ̀ náà fi pupa bí omi tí wọ́n fi fọ bíríkì, nítorí oògùn pupa tó ń lò fún ikọ́ ife. Gbogbo ìletò wa ló mọ̀ bó ṣe máa ń rí: tí ìtọ̀ bá ti mọ́, oògùn ti jáde lára, àrùn ti tán, a ó jẹ nǹkan dídùn. Ekramul àbúrò mi fúnra rẹ̀ ló gbé ìkòkò náà láti ilé dé ilé. Ó ti sanra díẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú.

Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó mọ̀ pé ọjọ́ yẹn gan-an ló yẹ kí ẹ̀rù ti máa bà wá. Rárá, irọ́ ni mo pa yẹn. Ẹnì kan mọ̀. Èmi ni. Dókítà ti sọ fún mi, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì mọ̀wé kà.

Lutfa ni orúkọ mi. Bídí ni mò ń wé, sìgá eléwé, bí gbogbo obìnrin tó wà létí odò Padma níbí, lẹ́bàá ẹnubodè. Ọkọ mi ń mọlé ní Kerala, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń wálé. Èmi, ìyá mi, Tuktuki ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, àti Ekramul àbúrò mi la jọ ń gbé. Mi ò lọ sílé ìwé. Ara páálí oògùn Ekramul ni mo ti kọ́ ìwé kíkà, nítorí mo fẹ́ mọ ohun tí mò ń fún un.

Oògùn orí, ti ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, ni mò ń fún un. Òun kò mọ̀. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń fi ìdí ife lọ̀ ọ́, tí mo ń dà á sínú dáàlì rẹ̀, ọbẹ̀ ẹ̀wà tí a fi ń jẹ ìrẹsì. Àwọn ilé mìíràn ń fi í sínú tíì. Ẹni tí kò gbà pé òun ń ṣàìsàn kì í gbé oògùn mì, dókítà kò sì sí nílé wa láti bá wa dì í mú.

Ní ọdún tí àìsàn náà dé, ó kọ́kọ́ dákẹ́ ni. Ọjọ́ méjìlá ni kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ó kàn jókòó. Lẹ́yìn náà ló ní àwọn ṣọ́jà ẹnubodè ti ri waya mọ́ abẹ́ ilé wa, pé òun ń gbọ́ bó ṣe ń kùn. Ó gbé ọkọ́, ó hú ilẹ̀ ilé wa láti ẹnu ọ̀nà dé ibi ìdáná. Kò rí waya. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin ó sọ pé inú ọ̀fun Tuktuki ló wà. Ọmọ ọdún méje ni Tuktuki nígbà náà. Ìrẹsì ni mò ń ṣàn lọ́wọ́ tí n kò fi gbọ́ ohùn ọmọ mi mọ́. Èmi àti ìyá mi la já ọwọ́ Ekramul kúrò lọ́rùn ọmọ náà, ìka kan tẹ̀ lé ìka kan.

Ọsibítù orí ní ìlú ńlá ló tọ́jú rẹ̀. Kóró oògùn méjì lójúmọ́ ni wọ́n ní kó máa lò, waya náà sì dákẹ́. Nígbà tó padà sílé kò rántí ohunkóhun. Ìyá mi mú wa búra pé a kò ní sọ fún un.

Nígbà tí ikọ́ ife wá dé, kò tì wá lójú. Ní ìletò tí gbogbo ènìyàn ń fa eruku tábà símú, ta ni ikọ́ máa tì lójú? Purnima, òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba, ló ń gbé oògùn ikọ́ náà wá. Ó máa dúró kí Ekramul gbé e mì níwájú rẹ̀, kó sì la ẹnu kó rí i pé kò sí lábẹ́ ahọ́n. Ìyá mi ní n kò gbọdọ̀ sọ nípa oògùn orí fún un, torí pé ẹnu Purnima ń wọ gbogbo ilé. N kò sọ.

Ṣùgbọ́n mo sọ nípa ikọ́ náà fún Dókítà Samaddar ní ọsibítù orí. Ó ronú díẹ̀, ó ní oògùn pupa yẹn kò ní jẹ́ kí oògùn tòun ṣiṣẹ́ dáadáa, ó sì gbé e láti méjì sí márùn-ún. Ó béèrè bóyá mo mọ̀wé. Mo ní mo mọ̀. Ó kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì ní Bẹ̀ngálì gbàǹgbà gbàǹgbà: “Kí oògùn ikọ́ tó tán, ẹ mú un wá kí a dín èyí kù. Ẹ má jẹ́ kó kọjá ọjọ́ náà.”

Mo fi káàdì náà sínú agolo tíì. Nígbà tí ọjọ́ náà sún mọ́, Iléyá náà sún mọ́. Ẹni tó ń fún wa ní ewé àti tábà, tó sì ń gba bídí lọ́wọ́ wa, Munshi Tofazzal, ti sọ pé obìnrin tó bá pa ọjọ́ kan jẹ ṣáájú ọdún, òun á gbé ewé rẹ̀ fún ẹlòmíràn, kò sì ní rí ewé gbà mọ́. Odindi ọjọ́ kan ni lílọ sí ọsibítù àti bíbọ̀. Mo sọ fún ara mi pé lẹ́yìn Iléyá. Ẹ wo Ekramul bó ṣe ń tàn. Kí ni ọ̀sẹ̀ mẹ́ta?

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Munshi Tofazzal da ìdì bídí mẹ́wàá padà sórí àtẹ mi.

“Lutfa, ta ló wé ìwọ̀nyí? Ṣé ewúrẹ́ yín ti ń bá yín ṣiṣẹ́ ni?”

Mo wò wọ́n. Ẹnu wọn ṣí sílẹ̀, tábà ń dà. Ekramul ló máa ń ká ẹnu bídí, tó sì máa ń fi òwú dè é. Láti kékeré ló ti mọ̀ ọ́n ṣe, kì í tilẹ̀ wo ọwọ́ rẹ̀.

“Kí ló ṣe ọ́?” ni mo bi í nígbà tí Munshi lọ.

“Ìka mi ń lọ́ra, Bubu. Bí ẹni pé wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n.” Bubu ló ń pè mí, nítorí èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Rosogolla ló lẹ̀ wọ́n. Ìwọ tí o dá mẹ́jọ jẹ.”

“Mẹ́fà ni.”

“Mẹ́jọ ni. Mo kà á.”

Ó yẹ kó rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ kò mira. Mo rò pé ó ń bínú ni.

Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tó gbé omi sórí, kì í ju ọwọ́. Itọ́ ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀, ó ń kán sórí ewé. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Tí a bá bi í ní ìbéèrè, a ó dúró títí, bẹ́ẹ̀ ni yóò kàn dáhùn “ún-ún”. Nígbà tó yá, kò dáhùn mọ́.

Ìyá mi wá bá mi níbi ìdáná. Ó sọ ọ́ ní ohùn kẹ́lẹ́, ó sì di apá mi mú.

“Ó ti ń dákẹ́.”

“Mo rí i.”

“Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn nìyí. Fi kún oògùn náà.”

“Márùn-ún ni dókítà sọ, Ìyá.”

“Ṣé dókítà ló máa wá já ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́rùn ọmọ rẹ?”

Tuktuki wà lẹ́yìn ilé, ó ń fọ àwo, ó yí ẹ̀yìn sí wa. Irun rẹ̀ wà ní dídì sókè. Mo ń wo ọrùn rẹ̀. Mo wọlé, mo ṣí agolo, mo lọ mẹ́fà.

Káàdì náà wà nínú agolo yẹn kan náà, lábẹ́ oògùn. Ọwọ́ mi kàn án. N kò mú un jáde.

Láti ọjọ́ yẹn, kí oòrùn tó wọ̀, mo máa ń ka gbogbo àlùmọ́gàjí tí a fi ń gé ewé, n ó kó wọn sínú garawa ìrẹsì, n ó sì jókòó lé e. Mo fi ọkọ́ pamọ́ sílé àbúrò bàbá wa. Tuktuki ń sùn láàárín èmi àti ògiri. Bí oògùn kẹfà ṣe ń wọlé ni Ekramul túbọ̀ ń dákẹ́, bó sì ṣe ń dákẹ́ ni ìyá mi ń wò mí pé kí n tún fi ọ̀kan kún un.

Ní ọjọ́ kẹrin, ọ̀sán ni, oúnjẹ há a.

Ìrẹsì àti dáàlì ni, kò sí egungun nínú rẹ̀. Ó gbé òkèlè kejì sẹ́nu, ó sì kàn jókòó síbẹ̀, ojú rẹ̀ ń tóbi. Kò wúkọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbìyànjú láti gòkè, kò lè gòkè. Ètè rẹ̀ ń di dúdú. Mo fo àwo kọjá, mo gbá a lẹ́yìn, mo tún gbá a, mo ki ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, mo ń wa ìrẹsì jáde. Ìyá mi ń pariwo orúkọ Ọlọ́run. Nígbà tí ẹ̀mí rẹ̀ padà wọlé, ó dún bí ìgbà tí wọ́n bá fa aṣọ ya.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ láti ọjọ́ méjì nìyẹn.

“Bubu. Ọ̀fun mi ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń gbé nǹkan mì.”

Èmi àti ìyá mi wo ara wa. Ọ̀fun. Ó ti dárúkọ ọ̀fun.

Bí ìrẹsì ṣe wà nílẹ̀ káàkiri ni Purnima wọlé pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀. Wọ́n máa ń rán an padà láti wọn ẹni tó bá ti parí oògùn ikọ́, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ń rù. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Kí ló ṣe é?”

“Oúnjẹ ló há a,” ni ìyá mi sọ. “Ó ń jẹun bí ẹni tí wọ́n ń lé.”

Purnima kúnlẹ̀ níwájú Ekramul, ó nu itọ́ rẹ̀, ó mú ọwọ́ rẹ̀, ó ń wo bó ṣe ń gbọ̀n. Ó wo ojú rẹ̀ tí kò ṣẹ́jú.

“Oògùn wo ló tún ń lò?”

“Kò lo nǹkan kan,” ni ìyá mi sọ.

“Ìyá, ẹ dákun. Mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ọdún mẹ́rìndínlógún. Mo mọ ìgbọ̀nrìrì yìí. Oògùn orí ló ń fà á.”

“Ta ni o ń bú? Ṣé wèrè ló wà nílé mi?”

“Mẹ́fà ni,” ni mo sọ. “Didi, ẹ̀gbọ́n mi, kóró mẹ́fà lójúmọ́ ni. Márùn-ún tẹ́lẹ̀. Mo fi ọ̀kan kún un.”

Ìyá mi gbá mi lẹ́nu. Mo sì tún un sọ.

Purnima jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. “Yéè, Lutfa! Oṣù mẹ́fà ni mo fi ń wọ ilé yìí! Ẹ jẹ́ kí n máa fún un ní oògùn pupa, ẹ ò sọ fún mi?”

“Dókítà orí mọ̀. Òun ló gbé e dé márùn-ún.”

“Dájúdájú yóò gbé e sókè! Oògùn pupa yẹn máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ ṣiṣẹ́ àṣejù. Gbogbo oògùn tó bá bá lára ló ń run. Márùn-ún lẹ ń fún un, bóyá méjì ló ń dé orí rẹ̀. Ní báyìí oògùn pupa ti tán, ara ti sinmi. Kò sí ẹni tó ń run ún mọ́. Gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ń wọlé!”

Ó yé mi kó tó sọ ọ́ tán. Bí ìgbà tí èèyàn ń wé bídí tí Munshi ń da èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ nù, tó wá ń wé púpọ̀ sí i kó lè kúnjú. Munshi ti lọ, ẹni náà kò sì dín in kù. Mo lọ mú káàdì wá láti inú agolo. Purnima kà á. Ó wo ọjọ́. Ó wò mí. Kò bú mi, ì bá sàn kó bú mi.

“Ẹ má fún un ní oògùn kankan lónìí,” ló sọ. “Kò gbọdọ̀ jẹ oúnjẹ líle. Kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́ kí ẹ ti wà ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin.”

“Munshi á gba ewé mi.”

“Kó gbà á.”

Dókítà Samaddar kì í pariwo. Ó di apá Ekramul mú, ó ká a, ó nà án. Mo rí bó ṣe ń ta kọ́-kọ́-kọ́ bí ṣéènì kẹ̀kẹ́ tó ti dípẹtà. Ó ní kí nọ́ọ̀sì mú un lọ síbi tí wọ́n ti máa fún un ní abẹ́rẹ́ tí yóò tú iṣan rẹ̀. Ó ku èmi pẹ̀lú rẹ̀.

“Ọjọ́ mélòó ni oògùn ikọ́ ti tán?”

“Ọjọ́ kẹtàlélógún rèé.”

“Mo kọ ọ́ sórí káàdì.”

“Ẹ kọ ọ́.”

“Ẹ ò rí i kà?”

“Mo kà á. Mo ní lẹ́yìn Iléyá.”

“Ta ló ní kí ẹ fi kóró kẹfà kún un?”

“Ẹ̀rù ni.”

Ó mi orí. Ó mú bébà, ó ń kọ̀wé, ó ń sọ ọ́ fún mi bó ṣe ń kọ ọ́. Ọjọ́ méjì láìlo ohunkóhun. Lẹ́yìn náà mẹ́ta lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà méjì àbọ̀. Lẹ́yìn náà méjì, bó ṣe wà kí ikọ́ tó dé.

“Ṣé méjì á tó?”

“Ó tó tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè búra. Tí a bá yára dín in kù jù, waya yẹn lè padà. Tí a bá falẹ̀ jù, oúnjẹ lè tún há a, kó má sì sí ẹni nílé. A ó máa rìn láàárín méjèèjì. Òun fúnra rẹ̀ ló máa sọ ibi tí a dé fún wa.”

“Òun kẹ̀?”

“Ta ló tún wà nínú orí rẹ̀ tó lè gbọ́ waya? Ṣé ẹ̀yin ni?”

Mo wo ilẹ̀. “Kò mọ̀ pé òun ń lo oògùn, dókítà. Inú dáàlì ni mò ń fi í sí.”

Ó gbé bírò sílẹ̀. “Ẹ máa sọ fún un.”

“Kò ní lò ó mọ́.”

“Ó ṣeé ṣe.”

“Ọmọ mi wà nínú ilé yẹn.”

“Mo mọ̀,” ló sọ. Ó ti bébà náà sọ́dọ̀ mi.

Orí bẹ́ǹṣì ní ibùdó ọkọ̀ ni mo ti sọ fún un. Abẹ́rẹ́ ti tú u díẹ̀, ó ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ rírọ̀ díẹ̀díẹ̀.

“Ekramul, oògùn wà nínú dáàlì rẹ.”

“Dáàlì wo?”

“Gbogbo dáàlì. Láti ọdún mẹ́rin.”

Ó jẹun lọ. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ìdí tó fi ń korò nìyẹn. Mo rò pé Ìyá kò mọ dáàlì sè ni. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń yìn ín kí inú rẹ̀ lè dùn.”

Mo rẹ́rìn-ín, ara mi balẹ̀. Òun kò rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ bóyá iṣan ojú rẹ̀ ló ṣì le tàbí inú ń bí i.

“Oògùn kí ni?”

“Oògùn orí.”

“Èmi?”

“Ìwọ.”

“Ẹ̀yin lorí yín dàrú,” ló sọ, “tí ẹ ń lọ oògùn sínú oúnjẹ ọmọ ènìyàn.” Ó ju ìyókù ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà sórí irin ọkọ̀.

Láti ọjọ́ náà kò jẹun nínú ìkòkò wa mọ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá fúnra rẹ̀ bó, ẹyin tó bá fúnra rẹ̀ sè, omi tó bá fúnra rẹ̀ fà láti ẹnu ẹ̀rọ, ìyẹn nìkan ló ń wọ ẹnu rẹ̀. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, mo fi í sílẹ̀, bí dókítà ṣe sọ. Ní ọjọ́ kẹta, mo gbé kóró mẹ́ta sínú àwo pẹlẹbẹ síwájú rẹ̀. Ó tì í padà. Ọjọ́ kẹrin, ó tì í padà. Ọjọ́ karùn-ún, kò tilẹ̀ wò ó.

Ara rẹ̀ sì ń yá. Itọ́ dúró. Ó lè de bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀. Ó padà sídìí àtẹ, ó ń ká ẹnu bídí bó ṣe yẹ, kò sì wo ọwọ́. Àwọn ará àdúgbò ń kí wa pé ó ti gbádùn. Èmi ń wo ìka rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sọjí ni àyà mi ń já. Mo mọ àwọn ìka wọ̀nyẹn. Mo ti já wọn lọ́kọ̀ọ̀kan rí.

“Lọ̀ ọ́ sínú omi,” ni ìyá mi sọ.

“Òun ló ń fa omi rẹ̀.”

“Lọ̀ ọ́ sínú ẹyin.”

“Báwo ni mo ṣe fẹ́ wọ inú ẹyin, Ìyá?”

Ní ọjọ́ kẹfà, ó ní kí Tuktuki ra tíì fún òun ní ṣọ́ọ̀bù etí ọ̀nà. Tuktuki gbé e kọjá níwájú mi. Mo ní kó gbé e fún mi, kó padà lọ ra bisikíìtì. Kóró mẹ́ta ti wà ní lílọ̀ nínú bébà láti àárọ̀, mo dì í mọ́ ọwọ́. Mo dà á sínú tíì náà, mo rò ó. Ó yọ́. Kò sí ohun tó fi hàn. Ọkàn mi balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́fà.

Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó na ọwọ́. Ìgbà yẹn ni mo ronú pé lọ́la ńkọ́? Lọ́túnla, tí ó bá yẹ ká dín in sí méjì àbọ̀, ta ló máa sọ fún mi pé waya ti ń kùn? Ìyá mi? Munshi? Mo máa tún máa wo ojú rẹ̀ bíi ti ọjọ́sí, n ó sì tún ṣì í wò.

Mo da tíì náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Oògùn wà nínú rẹ̀,” ni mo sọ.

Ó wo ilẹ̀ tó tutù. “Kí ló dé tí ẹ wá sọ?”

“Ó ti rẹ̀ mí.”

“Èèyàn kì í lọ oògùn fún ọdún mẹ́rin láìnídìí. Kí ni mo ṣe, Bubu?”

“Má sọ!” Ìyá mi ti dìde láti inú yàrá. “Lutfa, o búra!”

Mo sọ ọ́. Mo sọ ọjọ́ méjìlá, mo sọ waya, mo sọ ọkọ́. Ó yíjú sí ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ibi ìdáná, níbi tí amọ̀ rẹ̀ ti yàtọ̀ sí ti ìyókù.

“Ẹ ní eku ló hú u.”

“Eku kọ́.”

“Lẹ́yìn ìyẹn?”

“Lẹ́yìn ìyẹn o ní waya wà ní ọ̀fun Tuktuki. O fún un lọ́rùn.”

Ìyá mi jókòó sílẹ̀, ó fi aṣọ bo orí. Ekramul gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sórí eékún, ó ń wò wọ́n. Nígbà tí Tuktuki dé pẹ̀lú bisikíìtì, kò lè wo ojú rẹ̀.

“Ṣé o rántí?” ló bi í.

Tuktuki wò mí. Mo fi orí sọ fún un pé kó dáhùn.

“Mo rántí,” ló sọ.

“O sì tún ń bá mi jẹun.”

“Ẹ bẹ̀ mí nígbà yẹn. Ẹ sunkún jù mí lọ.” Ó gbé bisikíìtì síwájú rẹ̀. “Ó ku ẹyọ kan. Mo jẹ ìyókù.”

Ekramul mú bisikíìtì náà. “Ẹ kó o wá,” ló sọ fún mi. “Ẹ má lọ̀ ọ́.”

Mo kó mẹ́ta wá. Ó fúnra rẹ̀ fa omi. Ó gbé wọn mì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì la ẹnu, ó gbé ahọ́n sókè kí n lè wo abẹ́ rẹ̀, bí Purnima ṣe kọ́ ọ.

Láti ọjọ́ náà, kí a tó jókòó ti àtẹ láàárọ̀, òun ló ń sọ fún mi bí ara rẹ̀ ṣe rí, bí ẹni tó ń jíṣẹ́. “Ìka, dáadáa. Ọ̀fun, dáadáa. Waya, kò sí.” Mi ò lè mí títí yóò fi sọ èyí ìkẹyìn. Nígbà tí a dé méjì àbọ̀, òun ló fi àlùmọ́gàjí ewé gé kóró náà, ó gé e gẹ́lẹ́, kò sí èyí tó tóbi ju ìkejì lọ. Ó ń di àwọn àbọ̀ tó ṣẹ́ kù sínú bébà. Purnima ń yà wò wá. Munshi ti gbé ewé mi fún ẹlòmíràn. Ewé tó ń fún ìyá mi la jọ ń wé. A dé méjì.

Ní ọjọ́ kẹfà tó ń lo méjì, a jókòó láàárọ̀. Tuktuki ń jẹ ìrẹsì yíyan níbi ìdáná.

“Ìka, dáadáa,” ló sọ. “Ọ̀fun, dáadáa.”

Mo ń dúró.

Ó gbé àlùmọ́gàjí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó yí ìdí rẹ̀ sọ́dọ̀ mi, ó sì tì í títí ó fi kan orúnkún mi.

“Ó ń kùn díẹ̀. Lábẹ́ ibẹ̀ yẹn.” Kò nàka, ojú ló fi tọ́ka sí ibi ìdáná. “Mi ò rò pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ ọ. Ẹ pe dókítà.”

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tẹ nọ́ńbà tí kì í ṣe ti dókítà. Nígbà tí dókítà gbé e, ó ní kí n gbé fóònù fún Ekramul.

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Èmi ni. Èmi ni mò ń gbọ́ ọ. Láti àná ọ̀sán.” Ó ń tẹ́tí. “Ó wà. Mo tọ́jú wọn.”

Ó tú bébà, ó mú àbọ̀ kóró kan, ó gbé e mì, ó la ẹnu fún mi. Dókítà ní kí a padà sí méjì àbọ̀, kí a sì wá ní ọjọ́ kejì.

“Tuktuki,” ni Ekramul sọ, “gbé àwo rẹ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ. Má kúrò níbẹ̀ àfi tí mo bá ní ó ti tán.”

Ọmọ náà gbé àwo rẹ̀ wá. Ó ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ń gbọ́ bó ṣe ń rún un. Ekramul bẹ̀rẹ̀ sí í ká ẹnu bídí, díẹ̀díẹ̀, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Àbúrò bàbá wa ti dá ọkọ́ padà láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló wà. Ekramul kò wo ibẹ̀ rárá. Èmi ni mò ń wo ibẹ̀.